Mi Ò Yege Nínú Ìdánwò Àbúrò Mi

Ìbéèrè méje ló wà lórí ìwé tí àbúrò mi gbé lé mi lọ́wọ́. Ṣé dókítà ti sọ fún ọ rí pé ọkàn rẹ ní ìṣòro? Ṣé àyà máa ń dùn ọ́ tó o bá ń ṣe iṣẹ́ agbára? Ṣé òòyì máa ń kọ́ ọ débi tí wàá fi fẹ́ ṣubú? Mo kọ "rárá" síwájú méjèèje. Kí n má parọ́, mi ò ka méjì tó gbẹ̀yìn. Mo buwọ́ lù ú, mo dá a padà, mo ní kó jẹ́ ká yára, torí mo ní mítìn ní aago méjìlá.

Kò yára. Ó ní kí n jókòó, kí n fẹ̀yìn ti àga, kí n gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, kí n má sọ̀rọ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Lẹ́yìn ìyẹn ló wé aṣọ ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wọn ẹ̀jẹ̀ ríru mọ́ mi lápá. Aṣọ náà fún mi lápá, ó tú, nọ́ńbà jáde. Ó wò ó, kò sọ nǹkan kan. Ó dúró díẹ̀, ó tún un wọ̀n. Ó wé e mọ́ apá kejì, ó wọ̀n ọ́n lẹ́ẹ̀kẹta.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ẹ ò lè wọ inú ìwádìí mi o."

Mo rò pé àwàdà ni. Ẹni tí mo fi ọdún mẹ́sàn-án jù lọ, tí mo pọ̀n sẹ́yìn lọ sílé ìyá àgbà, ló ń sọ fún mi pé mi ò kún ojú òṣùwọ̀n. Mo wo ojú ẹ̀rọ. 164 lókè, 106 nísàlẹ̀.

*

Ẹ jẹ́ kí n mú yín padà sẹ́yìn díẹ̀, torí ọ̀rọ̀ náà ò bẹ̀rẹ̀ lórí àga yẹn.

Kọ̀ǹpútà ni mo kà ní yunifásítì, kóòdù ni mo sì ń kọ jẹun láti ọdún kọkànlá sẹ́yìn. Òfin ni àbúrò mi fẹ́ kà. Nígbà tí orúkọ jáde, Human Kinetics ni wọ́n fún un. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ṣe JAMB mọ bó ṣe máa ń rí: o béèrè ìrẹsì, wọ́n gbé ẹ̀bà síwájú rẹ, ebi sì ń pa ọ́. Nílé wa, ńṣe la ń bá a kẹ́dùn. Màámi ní kó ṣáà gbà á, pé tó bá di ọdún kejì, á yí i padà. Ọdún kejì dé, ó ní òun ò yí nǹkan kan padà mọ́. Kò sọ ìdí, a ò sì béèrè.

Nígbà tó sin ìlú tán, ó pè mí. Ó ní òun fẹ́ gba digírì kejì nínú ẹ̀kọ́ náà, pé apá tó ń wo bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tí èèyàn bá ń lo agbára ló wu òun, èyí tí wọ́n ń pè ní exercise physiology. Ó béèrè bóyá mo lè san owó sáà àkọ́kọ́.

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Ṣé eré sísá yìí náà lo tún fẹ́ gba digírì lé lórí? Ṣé o fẹ́ máa fọn fèrè fún àwọn ọmọ kéékèèké títí wàá fi darúgbó ni?" Mo ní kó lọ kọ́ data analysis fún oṣù mẹ́ta, màá bá a wá iṣẹ́. Ó ní òun ti gbọ́. Mo sọ fún un pé kò sówó lọ́wọ́ mi.

Owó wà lọ́wọ́ mi. Lóṣù yẹn gan-an ni mo ra àga kan, irú èyí tí wọ́n ní kì í jẹ́ kí ẹ̀yìn máa ro àwọn tó ń jókòó pẹ́. Owó rẹ̀ ju owó tí àbúrò mi béèrè lọ. Nígbà tó wá kí mi lọ́dún Kérésì, ó jókòó lé e, ó yí i po, ó ní, "Bọ̀ọ̀dá mi, èló ni wọ́n ń ta irú èyí?" Mo pín iye rẹ̀ sọ́nà mẹ́rin, mo sọ ìdá kan fún un.

Kò bínú, àbí kò jẹ́ kí n rí i. Ó ń kọ́ àwọn ọmọ ní P.H.E. níléèwé aládàáni kan. Tó bá di ìdájí Sátidé, á kó àwọn ìyá àdúgbò jọ sínú gbọ̀ngàn kan, wọ́n á máa ṣe eré ìdárayá, oníkálukú á san owó díẹ̀. Owó yẹn ló fi ń sanwó ilé-ìwé.

*

Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ìwádìí rẹ̀ gbé e dé Èkó, ó sì wá ń gbé lọ́dọ̀ mi. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ráyè wo ohun tó ń kà. Mo ti rò pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù àti fèrè ni màá bá níbẹ̀. Ohun tí mo bá ni ìṣirò. Wọ́n ń kọ́ nípa bí iṣan ṣe ń rí agbára látinú oúnjẹ, bí ẹ̀dọ̀fóró àti ọkàn ṣe ń gbé ọ́síjìn dé ibi tí ara ti ń lò ó, àti ìdí tí ẹni tó mọ kẹ̀kẹ́ gùn kì í fi í gbàgbé. Wọ́n ń ṣírò bí ẹrù tó ń bọ́ sórí orúnkún ṣe tó nígbà tí èèyàn bá fò sókè, tó tún balẹ̀. Statistics tí wọ́n ń ṣe níbẹ̀ ju èyí tí mo ṣe fún digírì mi lọ. Mo rọra pa ìwé náà dé.

Ohun kan tí wọn kì í fi ṣeré ni VO2 max. Òun ni iye ọ́síjìn tó pọ̀ jù lọ tí ara èèyàn lè lò láàárín ìṣẹ́jú kan, tó bá ń fi gbogbo agbára rẹ̀ ṣiṣẹ́. Òyìnbó Gẹ̀ẹ́sì kan, A. V. Hill, tó gba Ẹ̀bùn Nobel ti ọdún 1922, wà lára àwọn tó fi ìpìlẹ̀ ọ̀rọ̀ náà lélẹ̀. Ìṣirò ni Hill kọ́kọ́ kà ní Cambridge. Nígbà tó fẹ́ mọ iye ọ́síjìn tí ẹni tó ń sáré ń lò, òun fúnra rẹ̀ gbé àpò sẹ́yìn, ó ń sáré, ó ń mí èémí jáde sínú àpò náà kí wọ́n lè wọ̀n ọ́n.

Lónìí, ẹ̀rọ ló ń ṣe ìyẹn. Wàá máa sáré lórí treadmill, wọ́n á de ìbòjú mọ́ ọ nímú àti lẹ́nu, ẹ̀rọ á máa ka èémí rẹ. Ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ wọ́n bí ojú. Treadmill wà níléèwé àbúrò mi, àmọ́ tí iná bá lọ láàárín ìdánwò, ìdánwò ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́ nìyẹn. Torí náà, ó yan èyí tí kò nílò iná: bẹ́ǹṣì onígi kan.

Wọ́n ń pe ìdánwò náà ní Queens College step test. Gíga bẹ́ǹṣì gbọ́dọ̀ jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 41.3. Obìnrin á máa gùn ún, á máa sọ̀ kalẹ̀, nígbà 22 láàárín ìṣẹ́jú kan. Ọkùnrin, nígbà 24. Ìṣẹ́jú mẹ́ta ni wọ́n á fi ṣe é. Tí wọ́n bá ti dúró, wọ́n á ka bí ọkàn ṣe ń lù fún ìṣẹ́jú-àáyá 15, wọ́n á sì sọ ọ́ di ti ìṣẹ́jú kan. Fún ọkùnrin, wọ́n á fi 0.42 sọ iye yẹn di púpọ̀, wọ́n á yọ ọ́ kúrò nínú 111.33. Tí ọkàn rẹ bá lù nígbà 120, 60.93 ló máa jáde. Tó bá lù nígbà 168, 40.77 ni. Àfojúbù ni o, àmọ́ àfojúbù tó ṣeé ṣe níbi tí iná ò sí.

Káfíńtà àdúgbò mi ló kan bẹ́ǹṣì náà. Nígbà tó gbé e dé, àbúrò mi mú téèpù, ó wọ̀n ọ́n: 43. Ó ní kó gbé e padà. Káfíńtà wò ó, ó wò mí. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá mi bá wọn sọ̀rọ̀. Kí ni sẹ̀ǹtímítà méjì tí ò tiẹ̀ pé fẹ́ ṣe fún èèyàn?" Díẹ̀ ló kù kí n gbè sẹ́yìn rẹ̀. Àbúrò mi ní tí bẹ́ǹṣì bá ga jù, ọkàn gbogbo ẹni tó bá gùn ún á lù ju bó ṣe yẹ lọ, òun á sì ti kọ irọ́ sílẹ̀ fún èèyàn ogójì. Mo dákẹ́. Báyìí lèmi náà ṣe máa ń bá àwọn ọmọ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ mi jà nítorí àmì kan ṣoṣo nínú kóòdù.

Lálẹ́ ọjọ́ yẹn, mo kọ app kékeré kan fún un. Ó ń dún "kọ́, kọ́, kọ́, kọ́" nígbà 96 láàárín ìṣẹ́jú kan fún ọkùnrin, nígbà 88 fún obìnrin, kí ẹsẹ̀ gbogbo wọn lè máa bá a lọ: òkè, òkè, ìsàlẹ̀, ìsàlẹ̀. Ìyẹn ni ohun àkọ́kọ́ tí mo ṣe fún ẹ̀kọ́ rẹ̀, kò sì ná mi ní kọ́bọ̀.

*

Lálẹ́ ọjọ́ kan, à ń jẹun, mo bi í pé kí ló dé tó fi jẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọ́físì ló ń wádìí, tí kì í ṣe àwọn eléré ìdárayá. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí ló ń ṣe eléré ìdárayá? Ó wá sọ ìtàn àwọn òṣìṣẹ́ bọ́ọ̀sì ìlú London fún mi.

Lọ́dún 1953, dókítà kan tó ń jẹ́ Jerry Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde nínú The Lancet, ìwé àwọn oníṣègùn. Bọ́ọ̀sì onípele méjì pọ̀ ní London nígbà yẹn, èèyàn méjì ló sì ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, awakọ̀ àti kọ̀ńdọ́. Ilé-iṣẹ́ kan náà, títì kan náà, èéfín kan náà. Awakọ̀ á jókòó títí iṣẹ́ á fi parí. Kọ̀ńdọ́ á máa gun àtẹ̀gùn inú ọkọ̀, á máa sọ̀, á máa já tíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tí wọ́n ka àwọn tí àìsàn ọkàn mú, ó mú àwọn awakọ̀ ju àwọn kọ̀ńdọ́ lọ. Èyí tó mú kọ̀ńdọ́ kì í sì í le tó ti awakọ̀.

Mo gbé ṣíbí mi sílẹ̀. Ó ti pé ọdún 17 tí Bàámi ti kú. Awakọ̀ ni wọ́n.

Ọdún 23 ni wọ́n fi wa bọ́ọ̀sì láti Ìbàdàn sí Èkó, láti Èkó sí Ìbàdàn. Ọmọ ọdún 52 ni wọ́n lọ́jọ́ tí wọ́n ń dúró de èrò ní gáréèjì, tí wọ́n gbé orí lé sítíárì. Àwọn tó wà níbẹ̀ rò pé wọ́n sùn lọ ni. Àwọn kan ní ayé ló ṣe é. Àwọn kan tiẹ̀ ń fojú sọ ẹni tí wọ́n jọ ń du ipò nínú ẹgbẹ́ awakọ̀. Kí ọjọ́ yẹn tó dé, orí ti ń fọ́ wọn fún oṣù mélòó kan, wọ́n ń lo oògùn orífífọ́, wọ́n ń sọ pé oòrùn ojú ọ̀nà ni. Kò sẹ́ni tó wọn ẹ̀jẹ̀ ríru wọn rí. Kọ̀ńdọ́ wọn, ẹni tó máa ń sáré tẹ̀ lé ọkọ̀, tó ń gun orí rẹ̀ lọ di ẹrù, ṣì wà láyé. Ó ti lé lọ́gọ́ta ọdún, ó sì máa ń gbé ẹran wá fún Màámi lọ́dún Iléyá.

Mo ní, "Ṣé torí Bàámi lo ṣe ń kàwé yìí?"

"Mi ò mọ̀ nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀," ó ní. "Ọdún kejì ni olùkọ́ kan sọ ìtàn bọ́ọ̀sì yìí fún wa ní kíláàsì. Mo dìde, mo jáde síta."

Mi ò mọ ohun tí màá sọ, ni mo bá bẹ̀rẹ̀ sí í jiyàn, torí iṣẹ́ mi ni kí n máa wá ibi tí nǹkan ti lè wó. Mo ní bóyá àwọn tó ti sanra tẹ́lẹ̀ ló ń yan ìdí sítíárì. Ojú ẹ̀ tàn. Ó ní Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ náà ronú kàn án. Wọ́n lọ wo ìwọ̀n aṣọ iṣẹ́ tí wọ́n ń rán fún àwọn èèyàn náà, wọ́n sì gbé e jáde lọ́dún 1956: ṣòkòtò awakọ̀ fẹ̀ níbàdí ju ti kọ̀ńdọ́ tí wọ́n jọ jẹ́ ẹgbẹ́ lọ. Ṣé jíjókòó ló sọ wọ́n dà bẹ́ẹ̀ ni, àbí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe wá? Ó ní ìbéèrè mi kì í ṣe ti òmùgọ̀, àti pé èèyàn méjì ò tó dátà, òun ò lè fi Bàámi àti kọ̀ńdọ́ wọn ṣe ẹ̀rí nǹkan kan. Ìdí nìyẹn tó fi ń ṣẹ́ kèké. Ogójì òṣìṣẹ́ ọ́físì, ìlàjì á máa gun àtẹ̀gùn lójoojúmọ́ fún ọ̀sẹ̀ 12, ìlàjì á máa ṣe bí wọ́n ṣe ń ṣe tẹ́lẹ̀, kèké ló sì máa sọ ibi tí oníkálukú máa wà.

*

Ó ti rí 39. Ọjọ́ tí supervisor rẹ̀ fún un ti ń sún mọ́lé. Ni mo bá yọ̀ǹda ara mi: ọmọ ọdún 36, tó ń jókòó fún wákàtí mẹ́wàá lójúmọ́. Mo tiẹ̀ rò pé oore ni mò ń ṣe fún un. Bí mo ṣe dé iwájú ìbéèrè méje nìyẹn.

Ìgbìmọ̀ tó ń dáàbò bo àwọn tí wọ́n ń fi ṣe ìwádìí ti fọwọ́ sí òfin rẹ̀: ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ bá ti dé 140 lókè tàbí 90 nísàlẹ̀ ò gbọ́dọ̀ gun bẹ́ǹṣì náà. Mo ní, "Ẹni kan ṣoṣo ló kù fún ọ. Mò ń rìn, mò ń jẹun, kò sí nǹkan tó ń ṣe mí. Kọ 138 síbẹ̀, ká máa lọ."

Ó tú aṣọ náà kúrò lápá mi. "Bọ̀ọ̀dá mi, tẹ́ ẹ bá ṣubú lulẹ̀ níbí, kí ni kí n sọ fún Màámi?"

Ó wá béèrè bóyá orí ń fọ́ mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, láti bí oṣù mẹ́ta, àmọ́ iná ojú kọ̀ǹpútà ni. Bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe jáde lẹ́nu mi ni mo gbọ́ ohùn Bàámi nínú rẹ̀. Àwọn ní oòrùn ni, èmi ní kọ̀ǹpútà ni. Àbúrò mi náà gbọ́ ọ. Àwa méjèèjì ò wo ojú ara wa.

Níbi iṣẹ́ wa, tí server kan bá ti ń lo ju ìdá 80 nínú ọgọ́rùn-ún agbára rẹ̀ lọ, fóònù mi á dún, kódà kó jẹ́ aago mẹ́ta òru. Mo ti fo sọ̀ kalẹ̀ lórí ibùsùn lọ́pọ̀ ìgbà nítorí server tí mi ò fojú rí rí. Ara tèmi ti ń dún fún oṣù mẹ́ta, oògùn orífífọ́ ni mo ń fi pa á lẹ́nu mọ́.

Mi ò ṣe mítìn aago méjìlá. Àbúrò mi ti bẹ́ǹṣì rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó bá mi lọ sílé ìwòsàn. Dókítà wọ̀n ọ́n, ó ní kí n ṣe àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ àti ìtọ̀, ó ní kí n padà wá. Nígbà tí mo padà, ó kọ oògùn fún mi. Ó béèrè ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru nínú ẹbí wa. Mo ní, "Wọn ò wọn ti Bàámi rí, sà."

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ló gba àbúrò mi kó tó rí ẹni ogójì. Ó ní láti lọ bẹ supervisor rẹ̀ pé kí wọ́n fi ọjọ́ kún ọjọ́ fún òun. Ẹ̀yìn tí gbogbo ẹ̀ parí ni mo tó gbọ́.

*

Nígbà tí àkókò tó láti to dátà, èmi ni mo kọ kóòdù rẹ̀. Ogójì ìlà, nọ́ńbà ló dípò orúkọ. Mo mọ̀ pé mi ò sí níbẹ̀, síbẹ̀ mo wá ara mi. Lọ́jọ́ tó fi ìwé ìwádìí náà ránṣẹ́ sí mi pé kí n bá òun wo àṣìkọ, mo rí i ní orí kẹta, níbi tó ti kọ bó ṣe yan àwọn èèyàn rẹ̀: pé ẹnì kan wá tí ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ ga, a ò gbà á, a sì ní kó lọ rí dókítà. Èmi nìyẹn. Gbogbo ipa tí mo kó nínú digírì kejì àbúrò mi, gbólóhùn kan ni. Èsì ìwádìí náà ṣì wà lọ́wọ́ àwọn tó máa yẹ̀ ẹ́ wò, kì í ṣe tèmi láti sọ.

Mo fi owó sáà méjèèjì ránṣẹ́ sí i. Mo wá pè é, mo jẹ́wọ́ iye tí mo ra àga ní tòótọ́.

"Mo mọ̀," ó ní. "Mo wá a lórí Google lọ́jọ́ yẹn gan-an, kí n tó dìde lórí ẹ̀."

Kò dá owó náà padà. Ó ní fọ́ọ̀mù PhD máa tó jáde.

Lóṣù tó kọjá, níbi ìgbéyàwó kan, ìyá kan bi Màámi pé kí ni àbíkẹ́yìn wọn ń kà gan-an, ṣé òótọ́ ni pé digírì eré sísá ni? Mo fẹ́ dá sí i, mo fẹ́ ṣàlàyé VO2 max fún ìyá olóyè tó wé gèlè. Màámi ò dúró dè mí. Wọ́n ní, "Òun ló mọ̀ pé ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ń ṣàìsàn, nígbà tí ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ò mọ̀." Wọ́n bá ń bá jọ̀lọ́ọ̀fù wọn lọ.

Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀, ìrìn kánmọ́kánmọ́ tàbí ohun tó bá jọ ọ́. Nígbà tí dókítà gbà kí n bẹ̀rẹ̀, àbúrò mi fún mi ní àtẹ̀gùn ilé mi, ilẹ̀ dé àjà kẹta, ìgbà mẹ́rin láàárọ̀, ìgbà mẹ́rin nírọ̀lẹ́. Ó ní kì í ṣe dípò oògùn o. Ó tún sọ fún mi pé Morris, tó ka àwọn kọ̀ńdọ́ London, pé ọmọ ọdún 99 kó tó kú lọ́dún 2009. Mo ní èèyàn kan ò tó dátà. Ó ní òun mọ̀.

Láàárọ̀ òní, mo gun àtẹ̀gùn mi, mo wẹ̀, mo lo oògùn mi, mo wé aṣọ náà mọ́ apá. 141 lókè, 88 nísàlẹ̀. Mo ya fọ́tò rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí i. Kò pẹ́ tó fi dáhùn.

"Bọ̀ọ̀dá mi, ṣé ẹ kọ́kọ́ jókòó fún ìṣẹ́jú márùn-ún?"

Mi ò jókòó. Mo pa kọ̀ǹpútà dé, mo fẹ̀yìn ti àga olówó ńlá yẹn, mo gbé ẹsẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, mo sì dákẹ́.